Tòkunbọ̀ ọ́fíìsì, tuntun láìsí graphics card, tàbí tuntun oní-card: èwo ni ilé yín lè gbé?

Ẹni tó bá wọ Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà láti ra kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni, "Èló lẹ ní lọ́wọ́?" Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn ni: wáàtì mélòó ni iná ilé yín lè gbé? Owó kọ̀ǹpútà, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa san án. Iná tó ń jẹ, ojoojúmọ́ ni, yálà bátìrì ló ń mu ni o, tàbí epo jẹnẹrétọ̀, tàbí owó mítà.

Ẹ jẹ́ ká fi bátìrì ṣírò rẹ̀. Bátìrì olómi kan tó jẹ́ 12V, 200Ah, wáàtì-wákàtí 2,400 ló wà nínú rẹ̀ lórí ìwé. Bí a kò bá fẹ́ kó tètè kú, ìdajì ni ká máa lò, ìyẹn 1,200. Ká ní ínfátà fúnra rẹ̀ jẹ 200 níbẹ̀, ó ku 1,000. Kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ tó ń jẹ wáàtì 60 pa pọ̀ á lò tó wákàtí 16 lórí rẹ̀. Èyí tó ń jẹ 250 á lo wákàtí 4 péré, a ò tíì tan gílóòbù kan o. Ìṣirò yìí ló wà lẹ́yìn gbogbo ohun tí a fẹ́ fi wéra.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ó lè ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, irú Dell OptiPlex, HP EliteDesk tàbí Lenovo ThinkCentre, kó wá fi SSD (ibi ìkópamọ́ tó yára) àti RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) kún un. Ó lè ra ẹ̀yà tuntun kó tò wọ́n, pẹ̀lú processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) tó ti ní graphics (ohun tó ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀) nínú. Ó sì lè mú processor tí kò ní graphics, kó ra graphics card lọ́tọ̀.

| | Tòkunbọ̀ ọ́fíìsì | Tuntun láìsí card | Tuntun oní-card |
|---|---|---|---|
| Processor | i5-8500, core 6 (òṣìṣẹ́ mẹ́fà nínú rẹ̀) | Ryzen 5 5600G, core 6, tàbí i3-12100, core 4 | i3-12100F tàbí Ryzen 5 5600 |
| Graphics | UHD 630 | Vega 7 tàbí UHD 730 | RX 6600, 8GB |
| Iná níbi iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ | bíi wáàtì 20 sí 35 | bíi 30 sí 45 | bíi 50 sí 80 |
| Iná nígbà tí iṣẹ́ bá le | bíi 80 sí 110 | bíi 90 sí 130 | bíi 180 sí 230 |
| Power pack (ẹ̀yà tó ń pín iná fún ẹ̀rọ) | ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é | ATX (ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò) èyíkéyìí tó dára | ATX, 500W tí kì í ṣe irọ́ |
| Ó tó fún | ìwé títẹ̀, Zoom, íntánẹ́ẹ̀tì, fídíò | ìyẹn, pẹ̀lú gígé fídíò àti géèmù kéékèèké | géèmù ńlá, Blender (àwòrán 3D), gígé fídíò 4K |

Mọ́nítọ̀ kò sí nínú iye wọ̀nyẹn. LED íǹṣì 22 á fi bíi wáàtì 20 kún un.

Fún ilé tí àwọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí bàbá ń tẹ̀wé, tí ìyá ń ta ọjà lórí Instagram, tòkunbọ̀ ló borí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹni tó ń gé fídíò jẹun ló yẹ kó ronú nípa èyí tó ní card, tí bátìrì rẹ̀ bá sì jẹ́ ẹyọ kan, kó tún inú rò.

Tòkunbọ̀: ìran rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

"Core i5 ni o!" Ariwo yẹn kò sọ nǹkan púpọ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ wà. i5-6500, ìran kẹfà nìyẹn. I5-8500, ìran kẹjọ. I5-12400, ìran kejìlá. Ìran kẹjọ ló pín ọjà sí méjì. Láti orí rẹ̀ ni Microsoft ti ń gba processor ọ́fíìsì Intel fún Windows 11, Windows 10 sì ti parí iṣẹ́ ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Àwọn ontàjà kan máa ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí ìran kẹfà. Á ṣiṣẹ́, àmọ́ Microsoft kò ṣèlérí pé update á máa wọlé fún un. Yàtọ̀ sí Windows, i5 ìran kẹfà àti ìkeje, core 4 ni wọ́n ní. Ti ìkẹjọ, core 6 ni.

Nítorí náà, orúkọ tí ẹ máa dá ní ìsọ̀ ni OptiPlex 3060 tàbí 7060, EliteDesk 800 G4, tàbí ThinkCentre M720. Ẹni tó máa lo Linux Mint lè sọ̀ kalẹ̀ sí OptiPlex 7050 tàbí EliteDesk 800 G3, kó sì fi owó tó kù ra SSD. Kò ní kábàámọ̀.

Lẹ́yìn ìran, ẹ wo bí àpótí rẹ̀ ṣe tóbi. Tower ni èyí tó dúró gangan. SFF ni èyí tó pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ mọ́nítọ̀. Micro kò ju ìwé atúmọ̀ èdè kan lọ: òun ló ń jẹ iná díẹ̀ jù, RAM láptọ́ọ̀pù ló ń lò, ṣájà bíi ti láptọ́ọ̀pù náà ló sì ń gbé e. Graphics card gidi kò lè wọ inú rẹ̀. SFF á gba card, ṣùgbọ́n oníkúkurú tí kò nílò wáyà iná tirẹ̀ nìkan. GTX 1650 kúkurú tó ń jẹ wáàtì 75, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí. Bí owó tower àti SFF kò bá jìnnà síra, ẹ mú tower.

Àléébù ńlá àwọn ẹ̀rọ yìí ni power pack wọn. Ìrísí rẹ̀ àti orí wáyà rẹ̀ kì í sábà bá ti gbogbo ayé mu. Bí iná bá jó o, ẹ kò lè kàn mú èyíkéyìí lórí àtẹ, irú rẹ̀ gan-an lẹ máa wá. Ní Èkó, ẹ máa rí i lára èyí tí wọ́n ti tú palẹ̀. Ní ìlú kékeré, ẹ múra láti dúró dè é.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ tan ẹ̀rọ náà kí ẹ sì wọ BIOS (ojú ìwé ètò ẹ̀rọ tó wà ṣáájú Windows): F2 fún Dell, F10 fún HP, F1 fún Lenovo. Bí ó bá béèrè password, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ́fíìsì tó kọ́kọ́ ni ín ló ti ti ìlẹ̀kùn yẹn, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni yíyọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ń ṣí. Bí aago rẹ̀ bá ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan án, CR2032 yẹn ló kú, ìyẹn kò sì tó nǹkan. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àwọn capacitor, ìyẹn àwọn agolo kéékèèké tó dúró lórí motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó lé). Orí wọn gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí orí rẹ̀ bá wú bíi ti àkàrà, tàbí tí omi pupa ti gbẹ sí ìdí rẹ̀, ẹ̀rọ náà ti ń kú lọ. Ẹ ti flash bọ gbogbo ojú USB lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí CrystalDiskInfo (ètò Windows kan tó ń yẹ disk wò) fi iye wákàtí tí disk ti ṣe hàn yín, kí ẹ wá jẹ́ kó máa fi fídíò hàn fún ogún ìṣẹ́jú. Fáànù tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ẹ̀rọ ìlọta láàárín àkókò yẹn, thermal paste rẹ̀ ló ti gbẹ tàbí eruku ló dí i. Ìyẹn ṣeé tún ṣe, ẹ kàn fi já owó.

Tuntun: 5600G tàbí i3-12100?

Ryzen 5 5600G ní core 6 àti thread 12 (iṣẹ́ 12 tó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà), wáàtì 65 ni wọ́n kọ sí i, graphics rẹ̀ sì lágbára ju UHD 730 tó wà nínú i3-12100 lọ dáadáa. Bí ẹ kò bá ní í ra card fún ọdún méjì sí i, òun ni kí ẹ mú. i3-12100 ní core 4 àti thread 8. Core rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yára, nítorí náà lórí Excel àti íntánẹ́ẹ̀tì ẹ ò ní mọ̀ pé ó kéré, ẹ sì lè fi i5-12400 rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú láìpààrọ̀ motherboard.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe ni kí wọ́n ra 5600G pẹ̀lú ìpinnu pé wọ́n máa fi card sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. 5600G kò kọjá PCIe 3.0 (PCIe ni ọ̀nà tí card fi ń bá processor sọ̀rọ̀), cache rẹ̀, ìyẹn ìrántí kékeré inú processor, 16MB ni. Ryzen 5 5600 tí kò ní graphics ní PCIe 4.0 àti cache 32MB. Fi card kan bíi RX 6500 XT, tó jẹ́ pé ọ̀nà mẹ́rin péré ló ń lò lórí PCIe, sórí 5600G, á dà bí ọkọ̀ ńlá tí wọ́n rọ́ sí òpópónà tóóró. Ẹ pinnu ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé F. i3-12100F kò ní graphics kankan. Lẹ́tà kan yẹn ló ń jẹ́ kí owó rẹ̀ dín díẹ̀, òun náà ló sì ń fa "ẹ̀rọ mi ń tàn, kò sí nǹkan lójú rẹ̀" nígbà tí ẹni tó rà á bá ki HDMI bọ motherboard. AM5 (sọ́kẹ́ẹ̀tì Ryzen tó tuntun ju AM4 ti 5600G lọ) àti DDR5 (ìran RAM tó tẹ̀ lé DDR4), ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà míì. Ìyàtọ̀ owó rẹ̀ á ra SSD àti power pack tó dáa.

Motherboard

Fún 5600G, A520 tó. Kò jẹ́ kí ẹ fi ipá mú processor sáré, ta ló sì fẹ́ ṣe ìyẹn nínú ooru wa? B450 dára, ṣùgbọ́n èyí tó ti pẹ́ lórí àtẹ lè máà mọ Ryzen 5000 rárá títí wọn yóò fi tún BIOS rẹ̀ ṣe. Ẹ wá sítíkà "Ryzen 5000 Desktop Ready" lára páálí, tàbí kí ẹ ní kí ọlọ́jà tún un ṣe kí ẹ tó gbé e.

Fún i3-12100, H610 ni. Pańpẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé H610 kan ń gba DDR4, òmíràn ń gba DDR5, orúkọ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ẹsẹ̀ 288 ni RAM méjèèjì ní, ṣùgbọ́n ojú gígé tó wà láàárín ẹsẹ̀ wọn kò sí níbì kan náà. Bí RAM kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í.

RAM: 8GB méjì, kì í ṣe 16GB ẹyọ kan

Processor tó ní graphics nínú, RAM ni graphics rẹ̀ ń yá lò. DDR4-3200 ẹyọ kan ń kó 25.6GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Méjì lójú ihò tó tọ́ ń kó 51.2GB. Lórí 5600G, ìyàtọ̀ yẹn ló ń sọ géèmù tó ń fà di èyí tó ń lọ geere. Lórí ẹ̀rọ oní-card, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bí motherboard bá ní ojú mẹ́rin, ẹ kà á láti ẹ̀gbẹ́ processor: ìkejì àti ìkẹrin. Lẹ́yìn náà ẹ wọ BIOS kí ẹ tan XMP, tí àwọn kan ń pè ní DOCP. Bí ẹ kò bá tan án, RAM tí ẹ san owó 3200 fún lè jókòó sórí 2400.

Láti ìparí ọdún 2025 ni owó RAM ti ń fò sókè kárí ayé, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ AI tó ń kó o ní òbítíbitì. Nítorí náà, DDR4 tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ti di ọjà gidi, ayédèrú ìmọ̀ràn sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ka bébà tó wà lára rẹ̀. Ẹ ó rí nǹkan bíi PC4-2400T-U, PC4-2400T-S tàbí PC4-2400T-R. U ni ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì. S jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù, ó kúrú, ojú á sọ fún yín. R ló ń tan èèyàn: ti server ni, gígùn rẹ̀ bá U dọ́gba, ó ń wọ ojú ihò wẹ́kú, owó rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ̀rọ yín kò sì ní tàn.

SSD

Èyí kò pẹ́. SSD oríṣi NVMe tó jẹ́ oní-PCIe 3.0 lè kó bíi 3,500MB ní ìṣẹ́jú àáyá, SSD oríṣi SATA bíi 550, hard disk àtijọ́ bíi 150. Ẹni tó kúrò lórí hard disk bọ́ sórí SATA á rò pé wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà òun. Ẹni tó kúrò lórí SATA bọ́ sórí NVMe kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní í mọ̀. Bí owó wọn bá dọ́gba tí ojú M.2 (ihò SSD pẹlẹbẹ lórí motherboard) sì wà, ẹ mú NVMe 500GB. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé ojú M.2 yẹn ń gba NVMe, torí àwọn kan ń gba SATA nìkan. Bí wọ́n bá ta SSD 2TB fún yín ní owó 256GB, kò sí 2TB níbẹ̀: ẹ fi H2testw (ètò tó ń dán disk wò) kọ ọ́ kún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irọ́ á tú.

Power pack: ibí ni kí ẹ má ti ṣahun

Kéèsì tó wá pẹ̀lú power pack "500W" lọ́fẹ̀ẹ́ ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ motherboard. Ẹ gbé power pack lọ́wọ́. Èyí tó dára máa ń wúwo, nítorí wáyà bàbà àti irin agbooru tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ bíi páálí bísíkíìtì, irọ́ ni nọ́ńbà ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka bébà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ +12V sí, kí ẹ fi 12 sọ ámpù ibẹ̀ di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 18A, wáàtì 216 ni processor àti card máa rí pín, ohun yòówù kí wọ́n kọ gàdàgbà sí páálí. Èyí tó jẹ́ 450W lóòótọ́ máa ń ní bíi 35A sókè.

Ẹ wá yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí yín. Lára àwọn olówó pọ́ọ́kú, bọ́tìnì pupa kékeré kan wà níbẹ̀ tó rì sínú, tí ẹ máa fi orí screwdriver tì: 115 lápá kan, 230 lápá kejì. Èyí tó ti Amẹ́ríkà bọ̀ lè wà lórí 115. Bí ẹ bá ki í bọ iná tiwa tó jẹ́ 230, ẹ ó gbọ́ "pá!" kan, èéfín á tẹ̀ lé e, ó sì lè jẹ́ pé motherboard bá a lọ. Èyí tí kò ní bọ́tìnì, ẹ ka INPUT lára rẹ̀: 100-240V tàbí 200-240V ni ẹ fẹ́ rí. 80 Plus lára rẹ̀ wúlò fún ẹni tó ń lo bátìrì, torí pé iná tó ń ṣòfò di ooru á dín kù.

UPS 650VA kì í gbé wáàtì 650. Bíi 360 sí 390 ni púpọ̀ wọn ń gbé, bátìrì inú rẹ̀ sì kéré. Fún tòkunbọ̀ àti 5600G, ó tó láti fi iṣẹ́ pamọ́ kí ẹ sì pa ẹ̀rọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Oní-card tó wà lẹ́nu géèmù lè gbé e ṣubú kí ẹ tó na ọwọ́ sí mouse. Ohun kan tún wà: power pack oní-80 Plus máa ń ní active PFC, àwọn kan lára wọn kò sì gba iná onígun tí UPS àti ínfátà olówó pọ́ọ́kú ń tú jáde. NEPA á mú iná, gílóòbù kò ní ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà nìkan ló máa kú. Ẹni tó bá ń rí irú èyí, kì í ṣe Windows ló bàjẹ́. Ínfátà pure sine wave (èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA) ló nílò.

Níbi títò rẹ̀

Motherboard micro-ATX jẹ́ mílímítà 244 ní ìbú àti òòró. Àwọn òpó idẹ kéékèèké tó ń gbé e dúró nínú kéèsì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ihò motherboard wà nìkan. Ẹyọ kan tó bá ṣẹ́kù síbi tí kò sí ihò á kan ẹ̀yìn pátákó, ẹ̀rọ á tàn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì kú. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun wọ kéèsì, ẹ to processor, RAM àti fáànù sórí páálí motherboard lórí tábìlì, kí ẹ so power pack mọ́ ọn, kí ẹ fi orí screwdriver kan ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n kọ PWR sí. Bí BIOS bá yọ lójú mọ́nítọ̀, a jẹ́ pé ẹ lè máa wọlé.

Thermal paste tó tó ẹ̀wà kan ni, láàárín gbùngbùn. Lórí AM4, ẹsẹ̀ wà lára processor fúnra rẹ̀: bí ẹ bá fa fáànù sókè ṣàdédé lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ tú u, processor á bá a jáde, ẹsẹ̀ á sì tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ gbóná díẹ̀ ná, ẹ pa á, ẹ yọ iná, ẹ wá máa yí fáànù lọ yí i bọ̀ kí ẹ tó gbé e. Ti LGA1700 (sọ́kẹ́ẹ̀tì i3-12100), inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹsẹ̀ wà. Ẹ má yọ ike tó bò ó títí processor yóò fi wà lọ́wọ́ yín.

Bí fáànù bá ń yí tí ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn, wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń gbé iná fún processor ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀gbẹ́ òkè ló wà, wáyà ẹlẹ́sẹ̀ 24 sì máa ń jẹ́ kí èèyàn rò pé òun ti parí. Lẹ́yìn rẹ̀, RAM: ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ "kà". Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi RAM ẹyọ kan ṣoṣo dán an wò.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa ṣí i fẹ́ eruku jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ fi ìka di fáànù mú kó má yí.

Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yín náà kí ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ A520 àti H610 ní HDMI, wọ́n sì tún ní VGA. RX 6600 kò ní VGA rárá. EliteDesk àti OptiPlex, DisplayPort ló sábà wà lẹ́yìn wọn, mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ tó sì ní VGA nìkan kò lè bá wọn sọ̀rọ̀ láìsí adapter. Ọjà kan náà tí ẹ ti ra ẹ̀rọ ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi dán an wò lójú yín.